Orúkọ Ìyá Ẹni Kì í Ṣe Ti Íńtánẹ́ẹ̀tì

Bí ẹ bá dé Aládé tí ẹ ń wá ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú, Olútìmẹ́hìn Fọláyan ni kí ẹ béèrè. Pijó pikọ́ọ̀pù tó fi ń kó kòkó láti oko wá sílé ti pé ọdún mẹ́tàdínlógójì lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sùn sójú ọ̀nà rí. Kì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń tọ́jú, ó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ pẹ̀lú. Ẹ lè bá a jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ má mọ ohun tó jẹ láàárọ̀.

Nínú gbogbo ohun tó ń fi pamọ́, orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi pamọ́ jù. Nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ẹni tó bá fẹ́ kí wòlíì gbàdúrà fún òun máa kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ sínú ìwé. Fọláyan wá rò ó wò pé ọ̀nà tí àdúrà ń gbà mọ ilé ẹni, èpè náà lè gbà á. Láti ìgbà náà ló ti pa ẹnu mọ́.

Àfi bí ìjọba ṣe gbé òfin tuntun jáde. Mọ́tò tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí ẹni tó ni ín tún forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì gbé e wá fún àyẹ̀wò ní Owena kí oṣù tó parí. Èyí tí kò bá yege kò gbọdọ̀ rìn mọ́. Ìgbà ìkórè kòkó sì nìyí, mọ́tò yẹn ló ń bọ́ ilé.

Inú bí i gidi. Ó ní, "Ṣé ọjọ́ orí ni mọ́tò fi ń pa èèyàn ni, àbí bíréèkì?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwatóyọ̀sí, ló bá a kọ fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù. Bàbá sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú, ó ka nọ́ńbà NIN rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n wá dé ibi orúkọ ìyá. Ó béèrè ohun tí orúkọ ìyá òun fẹ́ ṣe nínú táyà. Olúwatóyọ̀sí kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ ti fi fọ́tò àti ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe bí ẹni pé òun ni ọ̀rẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọlọ́mọ sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tó yá, bàbá ní kó kọ Blessing.

Blessing ni ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Èrò bàbá ni pé bí èpè bá dé, ewúrẹ́ ni kó bá. Olúwatóyọ̀sí bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà, ọmọ náà bá kọ ọ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé pé orúkọ ìyá yìí kò bá ti inú NIN mu. Bàbá ti gbàgbé pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe NIN, ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè yẹn nígbà tí òun yà lọ tọ̀. Wọ́n ní kó wá tún un ṣe ní ọ́fíìsì àyẹ̀wò.

Ọjọ́ tí oṣù máa parí ló tó dé Owena. Adétáyọ̀, ọmọbìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò, tẹ bíréèkì, ó tan iná, ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Ìgbà tó jáde, ó ní mọ́tò tuntun méjì tí òun yẹ̀ wò láàárọ̀ yẹn kò lè dúró níwájú èyí. Orí bàbá wú. Ó wá ku orúkọ. Adétáyọ̀ rí i pé àwọn dírẹ́bà tó tò sẹ́yìn ti na etí, ó bá fún un ní bébà àti báírò kó kọ ọ́ jẹ́ẹ́.

Bàbá di báírò mú, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò lè kọ ọ́."

"Bàbá, bí ẹ ò bá kọ ọ́, ibí yìí ni mọ́tò máa wà o."

Adétáyọ̀ fi í sílẹ̀ kó rò ó, ó lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹrẹ̀ oko ti bo gbogbo ibẹ̀. Ó mú àkísà, ó nù ún, ó sì dúró.

"Bàbá, ta ni Hannah?"

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára irin ẹ̀yìn: ỌMỌ HANNAH Ò NÍ ṢÌNÀ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló pe ẹni tó kọ ọ́, lọ́dún tí ìyá rẹ̀ ta kòkó tirẹ̀ kó lè ra mọ́tò náà, nígbà tí ẹ̀rù èpè kò tíì bà á. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti mọ́ni lójú jù, ojú kì í kà á mọ́. Gbogbo ẹni tó ti tẹ̀ lé e lẹ́yìn dé Ofosu ti kà á.

Olúlékè, dírẹ́bà kan lórí ìlà, ní, "Orúkọ tí a ń pè yín lẹ́yìn nìyẹn, bàbá. Ọmọ Hannah."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀dà náà, ọdún kọkànlá rèé tí ìyá rẹ̀ ti kú, àárò rẹ̀ sì sọ ọ́ lójijì débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì tí orúkọ náà ti wà níta gbangba, nǹkan kan ò ṣe é.

Ó gbé bébà lé orí mọ́tò, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó tì í sọ́wọ́ Adétáyọ̀, ó sì rọra sọ fún un pé kó má jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn rí i.