Iye tí Abẹ́ Ilé Gbà Lọ́wọ́ Arvella Tugwell

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó lè fi ojú lásán lé ènìyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lọ bá Arvella Tugwell. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlà-oòrùn North Carolina, kò sì sí ọmọ tó fi irọ́ gba bísíkíìtì kejì lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin báyìí. Hollis ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé bíríkì tó ń gbé, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá tí Hollis ti kú.

Ilé náà kò jókòó sórí ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ bíríkì gbé e ga, pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ lásán ló wà nísàlẹ̀, àyè tí ènìyàn lè fàyà fà wọ̀ sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ihò atẹ́gùn onírin mẹ́rìnlá ló yí ìpìlẹ̀ náà ká. Ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí Hollis bá ti gbin ẹ̀wà tán sí ẹ̀yìnkùlé, á mú sukudiráfà, á sì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí abẹ́ ilé lè mí. Tó bá di ọjọ́ Ìdúpẹ́ nínú oṣù kọkànlá, á tì wọ́n padà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hollis kú, Arvella gba iṣẹ́ náà, kò sì pa ọdún kankan jẹ, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Rudell, ẹ̀gbọ́n Hollis, ń gbé ní òdì kejì kòtò omi, nínú irú ilé kan náà. Ọdọọdún ló máa ń rìn wá wò ó bóyá ìyàwó àbúrò òun ti ṣí gbogbo ihò. Arvella kò fẹ́ràn rẹ̀ rí, kò sì díbọ́n. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọkùnrin náà ti ń sọ kiri pé ọmọ alágbàro inú oko tábà kò yẹ àbúrò òun.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Òórùn kan sì gba ilé kan, bí òórùn àpò ìrẹsì tí omi ti rin. Denita ọmọ rẹ̀ pè láti Charlotte.

"Màmá, tí ilẹ̀ yẹn bá já mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti tún yàrá kan ṣe."

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ ò bá tún un ṣe kó tó di Kérésì, mo ń bọ̀ wá kó yín."

Denita kì í halẹ̀ lásán. Ìyá rẹ̀ ló jọ. Arvella mọ̀ pé tí òun bá fi ilé náà sílẹ̀, òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé.

Ló bá pe iléeṣẹ́ kan tó ní àwọn ń yẹ abẹ́ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá, Trent Boykin. Nígbà tó jáde lábẹ́ ilé, ó na fóònù rẹ̀ sí i.

"Màmá Tugwell, ẹ wo igi yín. Ẹ wo bó ṣe bu, tí funfun bò ó."

"Ta ló sọ fún ọ pé igi mi ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á ni, mà."

"Igi jọ igi. O lè ti yà á lábẹ́ ilé ìyá rẹ. Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá dọ́là ó lé ẹgbẹ̀rin. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i lónìí, a ó yọ ẹgbẹ̀rún kan."

"Tí mo bá fọwọ́ sí i lọ́la ńkọ́, ṣé ẹ ó yọ ojú mi ni? Mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ yín. Ọ̀rá! Ọ̀rá lásán tí ẹ fẹ́ tẹ́ sórí yẹ̀pẹ̀!"

"Kì í ṣe ọ̀rá nìkan, mà. A ó pààrọ̀ igi tó ti jẹrà. A ó fi ọ̀rá nínípọn bo ilẹ̀ dé ara ògiri, a ó di gbogbo ihò, a ó sì gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Ẹlòmíràn lè gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, kó tẹ́ ọ̀rá nìkan, kó máa lọ. Igi á máa jẹrà lọ lókè."

"Ẹ fẹ́ di ihò tí ọkọ mi fi sílẹ̀? Gbọ́ o, ẹni tó gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Gbogbo ìjọ Ọlọ́run ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ. Mú mi lọ síbẹ̀. Ojú mi ni mo máa fi rí i."

Ọmọkùnrin náà rò pé eré ni. Arvella wọ aṣọ iṣẹ́ Hollis, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fàyà fà wọlé. Láàárín gbùngbùn, níbi tó jìnnà sí gbogbo ihò, igi gbẹ, ó le koko, nọ́ńbà tí Hollis fi pẹ́ńsùlù kọ sára rẹ̀ ṣì hàn kedere. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sún mọ́ ihò ni igi ń dúdú sí i. Lẹ́bàá ihò abẹ́ yàrá ẹ̀yìn, ó fi ìka tẹ igi, ìka rẹ̀ sì wọlé.

"Ta ló ń ṣí àwọn ihò yìí, mà?" Trent bi í.

Ó yí padà, ó sì fàyà fà síta. Nígbà tí wọ́n jáde sí ìloro, Trent nawọ́ sí ife tíì tútù rẹ̀ tó ń làágùn lórí tábìlì.

"Ta ló da omi sí ife yín lára?"

"Kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i. Tíì ló tutù, afẹ́fẹ́ ló..."

"Ilé yín ni ife yẹn, mà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń mú un tutù lókè, ẹ wá ṣí ihò mẹ́rìnlá fún afẹ́fẹ́ ooru tó kún fún omi láti wọlé nísàlẹ̀, ó sì ń di omi sára igi."

Arvella kórìíra ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, ó kórìíra rẹ̀ nítorí pé òótọ́ ló sọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọdún mọ́kànlá ló fi kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń ro ó, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ilé ọkọ rẹ̀ di jíjẹrà, tó sì ń pè é ní ìfẹ́.

Ọjọ́ kẹta ló tó fọwọ́ sí ìwé, Trent sì yọ ẹgbẹ̀rún náà síbẹ̀síbẹ̀ nítorí ojú tí Arvella fi ń wò ó. Arvella ta ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Hollis, èyí tí ojú Rudell ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, ó tà á fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó kó owó tó tọ́jú sí báǹkì lé e. Nígbà tí Denita dé ní Kérésì, iṣẹ́ ti parí. Ó fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn títí, ó fa ìmí sínú, kò gbọ́ òórùn kankan. Òun nìkan ló padà sí Charlotte.

Ọjọ́ Ẹtì Rere dé. Rudell sọdá kòtò tòun ti sukudiráfà rẹ̀.

"Ìyàwó! Kí ló dé tí ihò wà ní títì?"

"Mo ti dì wọ́n, Bọ̀dá Rudell. Ẹ gbé irin yẹn kúrò lára ilé mi."

"Ilé ta ni? O ta ọkọ̀ àbúrò mi fún àlejò, o fi ra ọ̀rá! Wọ́n lù ọ́ ní jìbìtì, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n lù."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ láti fi sukudiráfà dán ihò wò, òórùn sì jáde lára kóòtù rẹ̀: àpò ìrẹsì tí omi ti rin. Arvella mọ òórùn náà. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀.

"Bọ̀dá Rudell, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ilé yín..."

"Kí ni ọmọ alágbàro fẹ́ sọ fún mi nípa ilé? Hollis ì bá gbọ́ tèmi, ì bá fẹ́ ẹni tó lè tọ́jú ohun tó ní."

Arvella gòkè padà sórí ìloro.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Ẹ lọ tọ́jú ti yín."

Rudell sọdá padà. Ó kúnlẹ̀ ti ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ihò, ó ń wo ọ̀kánkán Arvella tó bá ti ṣí ọ̀kan, kí obìnrin náà lè rí bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe é. Ó ṣí ìkẹrìnlá, ó gbọn eruku lórúnkún. Gbólóhùn kan péré ni ì bá ná Arvella láti gba ilé náà là. Ó dúró lórí ìloro títí ọkùnrin náà fi wọlé, inú obìnrin náà dùn, ojú sì ń tì í pé inú òun dùn, kò sì sọ ọ́.