Àwòrán Orí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ojú-Téèpù ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Aránṣọ ni. Bó bá ti wo èèyàn látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Á ní kí oníbàárà tó sanra yéé fa ikùn sínú, pé òun ti rí i. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo máa ń rán bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹnu mi sì mú, n ò ní purọ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni kókó kan hù sínú ọpọlọ rẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ jó o lọ́gbọ̀n ìgbà, kókó náà sì pòórá. Irun rẹ̀ hù padà, a dúpẹ́, a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó di ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ó gé apá òsì méjì fún bùláòsì kan. Ó rán ọrùn aṣọ ìgbéyàwó ẹnìkan pa. Inú bí mi. Mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe, pé àìsàn tó ti lọ ló fi ń bojú. Lójú àwọn oníbàárà ni mo ti sọ ọ́, mo sì gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé bó bá dọ̀la òun á ṣe é dáadáa.

Ìgbà tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ ni ẹ̀rù wá bà mí. Dókítà ní kókó náà lè ti padà, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn, pé ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ọpọlọ ló máa sọ. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi ń bi í ni ìgbà tí òun máa padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ẹ̀rọ náà wà, wọ́n ní kó bọ́ gbogbo nǹkan onírin sílẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án lára ọrùn aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́rin tí n ò jẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí. Wọ́n gún un lóògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú àwòrán, wọ́n tì í sínú ihò ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì pariwo fún bíi wákàtí kan.

Dókítà fi àwòrán hàn wá, ó ní kì í ṣe kókó. Mo fò sókè. Mo ti tẹ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin láago, mo ti ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, kí dókítà tó ní kí n jọ̀wọ́ jókòó. Ó ní bó bá jẹ́ kókó ni, ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ lọ síbẹ̀. Ibi funfun tí à ń wò yìí, ẹ̀jẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ìtànṣán tó pa kókó ló ba ọpọlọ tó yí i ká jẹ́. Oògùn lè dín wíwú rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ohun tó ti kú níbẹ̀ kò ní jí mọ́. Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n mi ṣì lè ránṣọ. Ó ní rárá. Ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń kọrin ọpẹ́ nínú fóònù.

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Èmi ni mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò sunkún. Ó di àwòrán náà mú, ó ní ká gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn èèyàn lè rí i pé òun ò ṣọ̀lẹ.

Mo ní, "Àǹtí mi, ta ló pè yín lọ́lẹ?"

Ó yíjú sí mi. Kò bínú rárá.

"Ìwọ ni."

Orúkọ ọmọ rẹ̀ ò sí nínú orí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ tí mo pè é ṣì wà níbẹ̀.