Ìgbà Tí Mo Ń Ṣọ́ Ọ̀sà Bàrígà

Mo rántí bí pákó ọkọ̀ ojú omi baba mi ṣe máa ń gbóná lábẹ́ ìdí mi, nígbà tí ogun àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́, tí mo sì gbà pé èmi nìkan ni kò jẹ́ kí Jámánì wọ Bàrígà. Ọ̀gágun òyìnbó kan ló ní kí akọ̀wé rẹ̀ pè mí. Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ̀sà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí n máa wá jábọ̀ tí mo bá rí ọkọ̀ àjèjì. N kò gbọdọ̀ da àwọ̀n, kí ẹja má baà gba ojú mi. N kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá tó bí mi. Mo fọwọ́ lé Bíbélì, mo búra, mo sì ń yan bọ̀ wálé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo ní àfẹ́sọ́nà. Láàárín àwa Ìlàjẹ etí omi yẹn, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ máa gbé ẹja wá fún ìyá ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo wá ń fi owó tí òyìnbó ń san fún mi ra ẹja ọ̀bọ̀kún níbi tí wọn kò ti mọ̀ mí, mo ń gbé e lọ, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Bí ẹnìkan bá béèrè ibi tí mo ti pẹja, mo máa ń yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní Sátidé kan, ìyá àfẹ́sọ́nà mi la ẹnu ẹja kan, ó wò ó títí.

“Ṣebí àwọ̀n lẹ fi ń pẹja nílé yín?”

“Àwọ̀n ni, Màmá.”

“Kí ló wá fa ẹnu eléyìí ya? Ìwọ̀ ni. Gbogbo èyí tó ò ń gbé wá látọjọ́ yìí, bákan náà ni.”

Lásìkò yẹn gan-an làwọn tó ń dẹ ìwọ̀ sílẹ̀ sójú omi ń pariwo pé ẹnìkan ń jí ẹja wọn. Tí mo bá ní mo rà á, wọ́n á béèrè ibi tí mo ti rówó. Mo wo àfẹ́sọ́nà mi. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo rántí Bíbélì tí mo fi búra, mo bojú wolẹ̀.

“Olè ni ẹ́,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Má wọlé mi mọ́.”

Jámánì kò wá. Nígbà tí ogun parí, tí òyìnbó ní mo lè la ẹnu, mo sáré tọ ìyá náà lọ. Ó ti fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ lápá etí òkun. Ó gbọ́ mi tán, ó rọra jókòó sílẹ̀.

“Ẹnu mi yìí ni mo fi pè ẹ́ lólè lójú ọmọ mi. O ò tiẹ̀ lè ní kí n ṣe sùúrù díẹ̀?”

Mo ti di arúgbó báyìí. Ní Abúlé Òkúta tí mò ń gbé, àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń ní kí n jókòó, kí n sinmi, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kì í jẹ́. Ó ń dùn mí gidigidi. Gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí.” N kò búra pé n kò ní sọ ìyẹn.