Ìṣẹ́jú Àáyá Tí Gbogbo Wọn Jọ Sùn

Ó lé lógún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin Tchaourou, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo kó ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa níbí, jọ láti ẹnu àwọn àgbà, fún ìwé atúmọ̀ èdè kan tó ń fọhùn lórí ayélujára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Sanson pe èyí tó pọ̀ nínú wọn sínú ẹ̀rọ agbohùn. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn tó ni ìwé náà yóò ti ìlẹ̀kùn. Ohùn tí kò bá tíì wọlé kò ní sí nínú ìwé.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò fi wọ́n ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ẹgbẹ̀ta rọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó ń gbà wọ́n kọ̀: ìbéèrè pọ̀ jù. Mo wá kọ ọ́ pé kí ohùn kọ̀ọ̀kan sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lọ. Ó tún kọ̀. Mo sọ ọ́ di márùn-ún, mo sọ ọ́ di mẹ́wàá, pàbó ni. Mo bú ẹ̀rọ náà pé ó kórìíra èdè wa.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Parakou, wo ohun tí mo kọ, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Papa, gbogbo wọn jọ ń sùn, gbogbo wọn sì jọ ń jí. Ẹ kàn sún àkókò tí wọn yóò rọ́ lọ síwájú ni.”

Mo ní kí ni kí n wá ṣe.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe rélùwéè lẹ̀ ń bi mí?”

Ojú irin wa kò ju ẹyọ kan lọ. Awakọ̀ ìbáà ti dúró láti ìdájí, kò gbọdọ̀ ṣí àfi tí mo bá fi ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́, ọ̀pá kan ṣoṣo náà ni, kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé lójú irin. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún wọn.

Ọmọ mi ṣe ọ̀pá mẹ́rin sínú ètò mi. Ohùn tó bá gba ọ̀pá á lọ, á dá a padà, òmíràn á gbà á. Ẹ̀rọ kò ráhùn mọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ìbínú ti àárọ̀ dá wa dúró fún wákàtí kan gbáko. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, lẹ́tà R la bá a dé, torí ábídí la fi tò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi pe “sùúrù” fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dán mọ́rán. Ó ṣì ń béèrè ọjọ́ tí òun yóò gbọ́ ọ.