Fóònù Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Ìbídàpọ̀. Òun ló ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn kan ní Ayétòrò. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé sórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ẹ̀rọ tó mú lọ́wọ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo kò tó.

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa, iṣẹ́ náà sú u. Dísẹ́ẹ̀lì tí òpó fóònù ìlú ń lò wọ́n, òpó náà kú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ti ilé ìwòsàn nìkan ló ṣẹ́kù, gbogbo ìlú sì di ẹbí Ìbídàpọ̀. Ó ti fi fóònù àna rẹ̀ kan sínú ìwé rí. Àna ń pín in láti orí fóònù rẹ̀ fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò ti kún orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aboyún kan kò rọ́nà kọjá. Aboyún náà yè. Ìbídàpọ̀ kò gbàgbé.

Òpó ìlú ṣì kú nígbà tí Fágbénró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gun ọ̀kadà dé láti Ìlárá tòun ti agbọ̀n ata kan. Oko ata rẹ̀ ló fi rán Ìbídàpọ̀ níléèwé. Kútọnu ni ata náà ń lọ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ó ń rọ̀ nínú àpò. Oníbàárà kan ní Abẹ́òkúta ní kó fi àwòrán ata náà ránṣẹ́ kó tó di aago méjìlá, òun á rán ọkọ̀ wá.

"Fi fóònù mi sínú ìwé rẹ, Ìbí."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè ṣe é."

"Èmi náà ti di onífàyàwọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kọ́sítọ́ọ̀mù béèrè ìwé mi, wọ́n béèrè ìwé ọ̀kadà. Mo rò pé ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo wá yìí."

Ìbídàpọ̀ fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ gbìyànjú tèmi wò."

Fágbénró gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò wọlé.

"Tìẹ gan-an kò sí níbẹ̀?"

"Láti ọjọ́ aboyún yẹn. Èmi ni mo yọ ọ́."

Fágbénró dá fóònù náà padà fún un. "O le," ló wí. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó gba Igbogila lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Aago méjì ló tó rí i. Oníbàárà ti ra ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí Ìbídàpọ̀ délé ní ìrọ̀lẹ́, agbọ̀n ata náà ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ lọ̀ ọ́ lónìí," ni obìnrin ilé kejì wí. "Wọ́n ní kò lè dọ̀la."

Ó jókòó tì í. Ó ṣa èyí tó ṣì dára, ó lọ̀ ọ́. Láfún ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọbẹ̀ ata yẹn ló fi jẹ ẹ́.