Àwòrán Ìyá Àgbà ní Ìlú Ọba

Nígbà tí ara mi ṣì le, tí ewú kò tíì bo orí mi báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ wa kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ lọ sí ìlú ọba láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bàálù lónìí bí ẹni wọ mọ́tò lọ sí Odògbolú, ẹ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tó lójú wa. Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Ìbẹ̀fun, gàrí tó ń yan ló sì fi rán mi lọ sílé-ìwé. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní, "Bí o bá débẹ̀, la ojú rẹ dáadáa. Ohun tí o bá rí, wá sọ ọ́ fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú wa lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Inú wa dùn níbẹ̀. Ọ̀gá wọn fún wa ní bisikíìtì tó ṣì gbóná, à ń jẹ ẹ́ lọ nínú ọkọ̀ bí ọmọdé. Lọ́sàn-án, a dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláàánú tó bá wa san owó bàálù.

Bí a ṣe wọlé ni mo rí àwòrán kan lára ògiri, ó ga tó ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri alámọ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, àwo òfìfo wà níwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé láti ìjẹta ni kò ti rí oúnjẹ jẹ.

Ìyá àgbà mi ni.

Mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn. Òyìnbó méjì àti ògbufọ̀ kan ló wá sí abúlé wa, wọ́n ní àwọn ń wo ọ̀rọ̀ omi. Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ yan gàrí tán ni, ó jókòó ti ògiri ilé ìdáná kó lè sinmi. Nígbà tó rí àlejò, ó dìde, ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún wọn, ẹja rẹpẹtẹ lórí rẹ̀. Èmi ni mo bu omi ìfọwọ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá, ìyá àgbà padà jókòó ti ògiri, wọ́n sì yà á ní fọ́tò. Àwo tí wọ́n jẹ tán náà ló wà níwájú rẹ̀ nínú àwòrán.

Mo sọ fún obìnrin tó ń mú wa kiri pé, "Ìyá mi àgbà nìyí, mà. Ebi kò pa á. Àwọn èèyàn yín ló jẹ oúnjẹ inú àwo yẹn."

Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká jẹ́jẹ́. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀, ta ni yóò mú nǹkan wá?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní òun yóò sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Olùkọ́ wa fà mí lápá sẹ́yìn, ó rọra ní, "Ṣé o kò fẹ́ kí wọ́n mú àwọn àbúrò rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ wá síbí lọ́dún tó ń bọ̀ ni? Kí lo rò pé wọ́n fi tọrọ owó tó gbé ọ wá síbí?"

Mo tẹ̀lé e padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Bisikíìtì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ohun gbogbo fún ìyá àgbà. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fún wọn lóúnjẹ?"

"Rárá, mà."

Ó dìde, ó padà sídìí iná gàrí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò òun mọ́, àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá. Nígbà tó kú, a wá fọ́tò rẹ̀ títí fún ìwé ìsìnkú, a kò rí ẹyọ kan. Ìlú ọba ni èyí tó wà, bí wọn kò bá tíì sọ ọ́ nù.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Òyìnbó kò ní láti wá sí Ìbẹ̀fun mọ́. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ tiwa ń pín ìrẹsì fún àwọn opó ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì wà níbẹ̀. Ìyá kan fi ìborùn bojú. Ọmọbìnrin tó di fóònù mú ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú yín. Àwọn tó fi nǹkan ránṣẹ́ fẹ́ rí yín." Mo ní kó fi ìyá náà sílẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú, mà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é."

Ìyá náà wo ìrẹsì, ó sì ṣí ojú. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ó gbé àpò rẹ̀ rù, ó gba iwájú gbogbo wa kọjá, kò sì kí ẹnikẹ́ni.