Katakata Kò Mọ Ọ̀nà Omi

Òórùn dísẹ̀lì àti ti ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí òjò ọdún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo rọra jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì bá katakata ńlá kan lójú àgbàlá wa nílé yìí, lápá Itamaga ní Ìkòròdú, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Dèjì ọmọ mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Marina, tí ojú rẹ̀ kì í sì í rí ilé yìí lójúmọmọ àfi lópin ọ̀sẹ̀, dúró tì í, ó ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní òun fẹ́ tẹ́ àgbàlá náà kó dọ́gba bíi tábìlì, kí mọ́tò mẹ́ta lè ríbi dúró, kí omi má sì rogún síwájú ilé wa mọ́. Mo bi í pé ibo wá ni omi ọ̀hún yóò máa gbà. Kò tíì rò ó débẹ̀.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹ má baà rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ilé wa wà níbi tó ga díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí dé etí ọ̀sà. Agboolé mẹ́fà ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ilé alámọ̀ ni gbogbo wọn, ẹ sì mọ̀ pé ògiri amọ̀ àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sórí ìwé, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀: o kò gbọdọ̀ da omi rẹ kọ ilé ẹlòmíràn. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ nínú ọdún bá dé, tí àwọn ìyá yòókù ń pe ọmọ wọlé, Ìyá Àgbà yóò lé tiwa síta ni. Yóò fi ṣùkù àgbàdo gbígbẹ kọ̀ọ̀kan lé wa lọ́wọ́, kí á sọ ọ́ sínú omi tó ń ṣàn, kí oníkálukú sì máa sáré tẹ̀lé tirẹ̀. Ìhòòhò la máa ń wà. À ń pariwo, à ń yọ̀ ṣubú, à ń bú ṣùkù ara wa. Ibi tí ṣùkù ẹnikẹ́ni bá há sí, Ìyá Àgbà a ri igi kan mọ́bẹ̀. Eré la rò pé à ń ṣe. Bí òjò bá dá, àwọn àgbà agboolé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a gbé ọkọ́ jáde, wọn a gbẹ́ gọ́tà gba ibi tí omi fúnra rẹ̀ ti gbà, láti igi dé igi, títí dé ọ̀sà. Mo ti di ìyàwó ilé kí n tó mọ̀ pé àwa ọmọ kéékèèké wọ̀nyẹn ni awọnlẹ̀ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ nígbà náà ni Sàkírá. Ilé ìyá rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ tiwa gan-an. Ó ní èjí, ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí, ó sì mọ orúkọ gbogbo ẹja tó ń wọ ọjà Ẹ̀pẹ́, títí kan èyí tí àwọn àgbà ń jiyàn lé lórí. Iṣẹ́ èmi àti rẹ̀ ni láti máa kó ewé àti iyanrìn kúrò nínú gọ́tà tó wà láàárín ilé wa méjèèjì, láràárọ̀, kí á tó lọ sílé ìwé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a wà ní ìsinmi, a gbọ́ pé àwọn apẹja gbé ẹja kan wá sétí omi tí ọkùnrin méjì kò lè gbé. A ti gbálẹ̀ tán, pàǹtí sì pọ̀ nílẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́tọ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́tọ̀. Ààtàn jìnnà. Sàkírá ní kí á kọ́kọ́ lọ dà á nù. Èmi ni mo dá a lóhùn pé, "Gbá a síbẹ̀ jàre, omi á gbé e lọ." A gbá a sínú gọ́tà, a sì sáré lọ wo ẹja.

Òjò ká wa mọ́ etí omi. Kí á tó padà dé, omi ti kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó ti yà sẹ́yìn ilé ìyá Sàkírá, ògiri yàrá tí wọ́n ń sùn sí sì ti wó lulẹ̀. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ìyá rẹ̀ bó ṣe ń fa ẹní jáde lábẹ́ amọ̀. Àwọn àgbà bèèrè ẹni tó dí gọ́tà. Sàkírá wò mí. Mo ní ewúrẹ́ ló da pàǹtí síbẹ̀.

Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ewúrẹ́ kì í gbálẹ̀."

Gbogbo agboolé pawọ́ pọ̀ láti mọ ògiri náà padà, ṣùgbọ́n kí amọ̀ tó gbẹ, ìyá Sàkírá ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lápá Ìjẹ̀bú. Mi ò rí Sàkírá mọ́ títí di òní. Títí wọ́n fi lọ, kò fẹjọ́ mi sùn.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ mi fẹ́ ṣe. Ìyá Rọ́fíà ló ń gbé nísàlẹ̀ wa lọ́wọ́ òsì. Ará Ìkirè ni, ó ń háyà yàrá méjì nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, ibẹ̀ náà ló sì ti ń din dòdò tó ń tà. Lọ́wọ́ ọ̀tún wa, gọ́tà kan wà tí ọkọ mi olóògbé gbẹ́ dé ojú títì, òun ló ń gbé omi wa lọ. Gọ́tà yìí gan-an ni Dèjì fẹ́ kó ilẹ̀ dí, kí mọ́tò kẹta lè ríbi dúró. Ó ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ so àwo ìtúlẹ̀ mọ́ katakata, kí wọ́n fi tú gbogbo àgbàlá, kí wọ́n wá fi garawa irin tó wà níwájú rẹ̀ ti ilẹ̀ náà káàkiri títí yóò fi tẹ́.

Àwo ìtúlẹ̀ kẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń tú oko ìrẹsì ní Imota. Mo bi í bóyá àgbàdo ló fẹ́ gbìn síbi tí yóò gbé mọ́tò sí. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa ti fi ọdún gbọọrọ tẹ̀ kó tó le, kí wọ́n tú u rọ̀, kí òjò kan sọ ọ́ di ẹrẹ̀, kí omi àti ẹrẹ̀ jọ lọ bá obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú yàrá. Ẹni tí mo rán nílé ìwé títí tó fi gba oyè ló ń gbèrò èyí.

Mo tún bi í pé, omi ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi á wá ọ̀nà ara ẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ létí gọ́tà Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, lẹ́nu ọmọ tí mo bí. Mi ò dúró wọ bàtà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ dúró gbagidi síwájú katakata náà, mo sì jágbe mọ́ Dèjì lójú gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní ọmọ tó ti ní ìyàwó, a kì í bá a wí ní gbangba. Mo bá a wí ní gbangba, mi ò sì kábàámọ̀.

Awakọ̀ katakata náà ló pẹ̀tù sí i, ọkùnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Wàhábì. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. "Ìyá," ó ní, "irin ló wà lọ́wọ́ tèmi. Ibi tí omi ń gbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbébẹ̀ lẹ máa fi hàn mí."

Mo mú un yí àgbàlá ká. Mo fi ibi tó ga hàn án, mo fi ibi tó jìn hàn án, mo fi ẹnu gọ́tà ọkọ mi hàn án lábẹ́ koríko. Ó gbà pé àwo ìtúlẹ̀ kò yẹ wá rárá. Ó ní garawa iwájú dára láti fi kó òkìtì, àmọ́ kò mọ ilẹ̀ ha. Ó ní àpótí irin eléyín kan wà tí wọ́n ń wọ́ lẹ́yìn, tó ń ha ibi gíga láti fi dí kòtò, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ tó bá sì tẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í lé omi lọ síbì kankan. Ohun tó yẹ wá ni abẹ ẹ̀yìn, irin gígùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí katakata, tí wọ́n lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì lè jẹ́ kí etí rẹ̀ kan wọlẹ̀ ju ìkejì lọ. Yóò fi ha ilẹ̀ láti òsì wá sí ọ̀tún, yóò sì fi etí rẹ̀ la gọ́tà náà padà. Ó ní ó wà nílé, òun yóò gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Dèjì fajú ro, ó ní mọ́tò kẹta wá ńkọ́. Mo ní kó gbé e sí Marina.

Wàhábì gbé abẹ náà wá lóòótọ́. Nígbà tó ṣe tán, àgbàlá náà kò dọ́gba bíi tábìlì. Ó dà díẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀ tí ojú ènìyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ṣùgbọ́n tí omi yóò rí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti Dèjì, mo sọ ọ̀rọ̀ Sàkírá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ọ kó tó kú. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí Dèjì tó gba ibi iṣẹ́ lọ, mo gbọ́ ìró ṣọ́bìrì níta. Ó ń kó ẹnu gọ́tà.

Òjò ńlá dé lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè. Mo dúró lọ́dẹ̀dẹ̀, mo ń wo omi bó ṣe ń kó ara rẹ̀ jọ sí ọ̀tún, tó ń wọ gọ́tà, tó ń lọ sójú títì láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láyé yìí. Iṣẹ́ tí agboolé mẹ́fà ń fi odidi ọjọ́ ṣe, irin kan ti ń ṣe é kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, mi ò sì bá irin jà. Omi ni kò yí padà. Kò mọ fẹ́ǹsì, kò mọ ẹni tó kàwé, ìsàlẹ̀ náà ló ṣì ń lọ, ẹnì kan sì ń gbé nísàlẹ̀ ọ̀hún nígbà gbogbo.

Bí òjò náà ṣe dá, Ìyá Rọ́fíà wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé àwo dòdò kan lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Ó ní òun wá dúpẹ́ pé a kò jẹ́ kí omi wó ilé lé òun àti àwọn ọmọ òun lórí. Ní Ẹ̀pẹ́ tí mo ti dàgbà, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí oore. Mo gba àwo náà, mo fà á dìde, ojú sì ń tì mí.